Ǹjẹ́ Ìgbà Hípì Tún Lè Padà Wá?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àwọn hípì ló kọ́kọ́ sọ òwe yìí di irọ́. Ọmọ ogún ọdún, ọmọ ọdún méjìlélógún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àkísà wọn sì ju ti baba ńlá wọn lọ. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹni tó rí jẹ tó rí mu ni wọ́n o. Wọ́n á fi kóòtù tí baba rà fún wọn kọ́ sílé, wọ́n á lọ wá òkìríkà wọ̀, wọ́n á so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rùn, wọ́n á jẹ́ kí irun hù dé èjìká, wọ́n á wá máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí títì ọlọ́dà.

Ohun tí ojú ń rí ní Ilé-Ifẹ̀ lóde òní ló gbé ọ̀rọ̀ wọn dé ẹnu mi. Ẹ dúró ní Lágerè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ máa wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láti ọgbà yunifásítì. Ẹ ó rí ọmọkùnrin tó di irun dàdá, ẹ ó rí ọmọbìnrin tó gé irun mọ́lẹ̀ tó sì pa á láró. Ìlẹ̀kẹ̀ ń bẹ lọ́rùn, òrùka ń bẹ nímú. Sòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà tí wọ́n ń pè ní "Keep Lagos Clean" láyé àwọn bàbá wa, nítorí pé ṣe ló ń gbálẹ̀ lọ, òun náà ti padà dé. Ọ̀pọ̀ àgbà tó mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mò ń ṣe ló ti bi mí pé, "Ẹ̀yin oníròyìn, ṣé àwọn hípì tún ti dé ni?" Àwọn ọ̀dọ́ náà ń béèrè lọ́nà tiwọn. Wọ́n ti wo fíìmù, wọ́n ti gbọ́ orin ìgbà náà, wọ́n ní ó wu àwọn kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lójú àwọn. Ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wí. Ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù, ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Haight-Ashbury. Nígbà ooru ọdún 1967, ọ̀dọ́ bí 100,000 ló ya wọ ibẹ̀. Ogun Vietnam ló ń lé ọ̀pọ̀ wọn, nítorí ìjọba ń fi òfin mú àwọn ọmọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun, òkú wọn sì ń padà wálé nínú pósí. Wọ́n ní àwọn ò jà. Wọ́n ní àwọn ò sì fẹ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì àti mọ́tò gbọ̀gbọ̀rọ̀ tí àwọn òbí wọn ń tìtorí rẹ̀ pa ara wọn.

Ohun tí fọ́tò kì í fi hàn wá ni pé ẹnì kan ní láti bọ́ gbogbo èrò yẹn. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Diggers. Láti ọdún 1966 ni wọ́n ti ń se ọbẹ̀ sínú agolo ńlá, tí wọ́n ń bù ún fún ẹni tó bá ti gbé àwo wá, láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n tún ṣí ṣọ́ọ̀bù tí ohun gbogbo inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe nínú irun. Nígbà tí èrò wá pọ̀ ju ọbẹ̀ lọ, tí oògùn líle gba ojú títì, tí àwọn oníṣòwò sì ń ta ìlẹ̀kẹ̀ hípì fún àwọn tó wá wòran, àwọn hípì fúnra wọn gbé pósí kiri àdúgbò ní ọjọ́ 6 oṣù October ọdún 1967. Wọ́n ní hípì ti kú, kí olúkúlùkù padà sílé. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnkú yìí ni ti Woodstock ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé, ní oṣù August ọdún 1969, nígbà tí ènìyàn tó lé ní 400,000 kún oko ọlọ́sìn màlúù kan báńbán. Ọ̀pọ̀ èrò ló wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí wọn ò tíì rí ọgbà yíká oko náà parí tí èrò fi dé.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni. Ìlù tiwa wà lára ohun tí wọ́n jó sí. Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1950, ó sì gbé àwo ìlù kan jáde ní ọdún 1960 tó ń jẹ́ Drums of Passion. Ọ̀kan nínú orin inú àwo yẹn ni Santana tún kọ sínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1969. Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1985, Ọlátúnjí ló kó àwọn onílù rẹ̀ ṣáájú ẹgbẹ́ Grateful Dead lórí ìtàgé ní Oakland, iwájú àwọn hípì tí irun wọn ti ń funfun. Ní California ló kú sí ní ọdún 2003. Nítorí náà, nígbà tí bàbá kan bá ń bínú pé àṣà òkèèrè ni ọmọ òun gbé wálé, kó rọra. Àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé ẹrù wa ni wọ́n dá padà.

Ṣùgbọ́n kí ni àwa ń ṣe nílé nígbà tí wọ́n ń so òdòdó mọ́ irun lọ́hùn-ún? Ogun là ń jà. Láti oṣù July ọdún 1967 títí di oṣù January ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé fi gbóná. Ọmọ Amẹ́ríkà ń sá fún iṣẹ́ ológun, tiwa ń tò lẹ́sẹẹsẹ láti wọ̀ ọ́. Àwọn tó sì kọ̀ fún ìjọba ní ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ọmọ tó ń kọ gìtá, àgbẹ̀ ni wọ́n. Ní oṣù September ọdún 1969, oṣù kan péré lẹ́yìn Woodstock, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà já ẹ̀wọ̀n Agodi n'Íbàdàn, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn tí wọ́n tì mọ́lé nítorí owó orí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó so òdòdó níbẹ̀. Oǹdè ni wọ́n so.

Lẹ́yìn ogun ni aṣọ àti àwo orin ya dé. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama St. Gregory's l'Ékòó dá ẹgbẹ́ Ofege sílẹ̀, wọ́n sì gbé àwo jáde ní ọdún 1973, wọn ò tíì kúrò nílé-ìwé. Lọ́dún kan náà ni Paul McCartney fúnra rẹ̀ wá ká àwo l'Ékòó. Irun áfúrò gba ìgboro, bàtà gogoro ń dún kò-kò-kà. Ìmúra nìyẹn ṣá, ìmúra kì í pẹ́ gbó. Ní ti igbó mímu, ìjọba ológun ti ṣòfin láti ọdún 1966 pé ẹni tó bá gbìn ín lè fi orí ara rẹ̀ dí i.

Igbó kan tún wà o tó yàtọ̀ sí èyí. Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo ni mo ń wí. Susanne Wenger, ọmọ Austria tó dé orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 1950, ti ń bá àwọn bíríkìlà àti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tún ojúbọ inú rẹ̀ ṣe kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ hípì. Ó gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù January ọdún 2009. L'Óṣogbo yìí kan náà, ní ọdún 1962, Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier sọ ilé ọtí kan di ilé eré àti ilé àwòrán. Mbari lorúkọ tí wọ́n fún un, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni. Àwọn ará ìlú ò mọ Mbari, wọ́n bá yí i sí Mbárí Mbáyọ̀, ìyẹn ni pé bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń bá olóògùn jó kiri láti ìlú dé ìlú ya ibẹ̀ ní ọdún 1964, ó jó títí, wọ́n ní kó dúró. Twins Seven-Seven nìyẹn, tí gbogbo ayé wá mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Èyí ló mú wa dé Ifẹ̀. Ní ọdún 1967 ni Yunifásítì Ifẹ̀ kó láti Ìbàdàn wá sí ilẹ̀ tirẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Michael Crowder, òpìtàn òyìnbó tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà níbẹ̀, ṣe ohun kan tó yà mí lẹ́nu títí dòní. Kò kọ́ ilé eré sínú ọgbà yunifásítì. Àárín ìlú ló gbé e sí, ní Arùbídì, wọ́n sì sọ ọ́ ní Orí Olókun, ní orúkọ orí idẹ tí Frobenius ará Jámánì rí n'Ífẹ̀ ní ọdún 1910. Akin Euba wà nídìí orin, Peggy Harper wà nídìí ijó, Ṣọlá Rótìmí—ẹ má bínú, Ọlá Rótìmí ni mo fẹ́ wí—wà nídìí eré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe The Gods Are Not to Blame ní ọdún 1968, ìtàn àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ tí Rótìmí wọ dàńṣíkí fún, tó wá dà bí ẹni pé Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Jimi Solanke, tó di baba alálọ̀ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tó yá, gbé ibẹ̀ ṣeré.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ yunifásítì àti ọmọ ìlú tí kò wọ ilé-ìwé kan rí, orí ìtàgé kan náà ni wọ́n ń gun. Onílù tó jogún ìlù lọ́wọ́ baba rẹ̀ jókòó ti ẹni tó kọ́ orin ní òkè òkun. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ìwé mélòó lo kà. Èmi tí ìwé mi ò kọjá girama, bí mo bá ń rò ó, ara mi á yá gágá. Nígbà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń sọ pé kí ògiri tó wà láàárín ènìyàn sí ènìyàn wó, ṣe ni Orí Olókun wó o ní Arùbídì, láìpariwo, láìsí pé ẹnikẹ́ni rìn níhòòhò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní Ifẹ̀ ò ní ìgbà hípì tirẹ̀, ibẹ̀ ni màá nawọ́ sí. Ó kàn jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọn ò jókòó máa wo ọ̀run.

Kí ló wá pa á? Kì í ṣe ṣọ́jà, kì í ṣe oògùn. Yunifásítì ló ń sanwó, ẹni tó ń sanwó ló sì ní ibi tí àga ń dúró sí. Crowder lọ ní ọdún 1971. Bí àwọn ọdún 1970 ṣe ń lọ, inú ọgbà ni eré ń kó sí díẹ̀díẹ̀, ó di ohun tí wọ́n ń kọ́ fún ìwé ẹ̀rí. Rótìmí gba Port Harcourt lọ ní ọdún 1977. Ní ọdún 1978 ni wọ́n dá JAMB sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ọmọ ìlú tó bá fẹ́ gun ìtàgé ọgbà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò òyìnbó. Ẹ̀bi ẹnì kan kọ́, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí sí ojú títì ni wọ́n tì.

Ẹ bá mi fò dé Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀nà Ifẹ̀ náà ni a ó gbà padà. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n bí sí Detroit ní ọdún 1928, Walter King lorúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ni. Ó ti jó ijó, ó ti gbé New York, ó lọ tẹ òrìṣà ní Cuba ní ọdún 1959, ó sì di Adéfúnmi. Ní ọdún 1970, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ń ya wọ inú igbó káàkiri Amẹ́ríkà láti lọ dá abúlé tiwọn sílẹ̀, òun kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní New York, wọ́n lọ sí Sheldon ní South Carolina, wọ́n tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn abúlé òyìnbó wọ̀nyẹn tú ká kí ọdún márùn-ún tó pé. Ẹni tó kúrò nílé nítorí pé kò fẹ́ fọ abọ́ baba rẹ̀, ṣé abọ́ àjèjì ló máa fọ̀? Ọ̀yọ́túnjí kò tú. Ní ọdún 1981, nígbà àpérò àgbáyé lórí òrìṣà tó wáyé n'Ífẹ̀, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwádé, Olúbùṣe Kejì, ní kí àwọn ìjòyè Ifẹ̀ ṣe ètùtù oyè fún Adéfúnmi.

Ìyà jẹ wọ́n lọ́hùn-ún o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Èrò tó wà níbẹ̀ dín kù gan-an lẹ́yìn àwọn ọdún 1970. Ṣùgbọ́n nígbà tí Adéfúnmi wàjà ní ọdún 2005, ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, ó sì wà níbẹ̀ títí ikú òjijì fi mú un lọ ní ọdún 2024. Èmi ò rò pé ẹ̀sìn nìkan ló gbé wọn ró. Wọ́n ní ilẹ̀. Bí éékà 27 ni, tiwọn ni, kò sí onílé tó lè ní kí wọ́n kó jáde lóṣù tó ń bọ̀.

Fẹlá kò ní irú ààbò yìí. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, ó padà dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Malcolm X lágbárí, ó sọ ilé kan ní Agege Motor Road di Kalakuta Republic. Ẹni tí òbí lé, ẹni tó sá nílé ọkọ, onílù, oníjó, gbogbo wọn ló ń jẹ nínú ìkòkò kan. Ìkòkò ńlá nìyẹn lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ṣíbí wà. Ní ọjọ́ 18 oṣù February ọdún 1977, ṣọ́jà bí 1,000 ya wọ ibẹ̀, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Gbogbo wa la mọ ìtàn yẹn, n ò ní fà á gùn.

Ó yá, ká padà sórí ìbéèrè wa. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n ti gbìyànjú láti jí òkú yìí. Ní oṣù July ọdún 1999, àwọn oníṣòwò tún Woodstock ṣe ní ìlú kan tó ń jẹ́ Rome ní New York, lórí ilẹ̀ tó ti jẹ́ ibùdó àwọn ológun òfuurufú. Oòrùn ń ràn, kọnkéré gbóná, wọ́n ń ta omi ìgò kan ní dọ́là mẹ́rin. Ọjọ́ tó kẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ náà tiná bọ ibẹ̀. Ní ọdún 2019, wọ́n tún fẹ́ ṣe àádọ́ta ọdún rẹ̀, owó dá wàhálà sílẹ̀, kò wáyé rárá. Bí wọ́n bá kó irun, ìlẹ̀kẹ̀ àti orin padà wá, tí wọn ò kó ìkòkò ọbẹ̀ àwọn Diggers wá, iná ló kù.

Àwọn ọmọ tiwa wá gbé ìkòkò náà jáde. Ní oṣù October ọdún 2020, nígbà tí wọ́n jáde tako SARS, ọ̀rọ̀ irun wà nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń rò. Bí ọlọ́pàá bá rí dàdá lórí ọmọkùnrin àti kọ̀ǹpútà nínú àpò rẹ̀, ó ti di olè nìyẹn. Nílẹ̀ Yorùbá! Níbi tí a ti ń kí ọmọ dàdá tìlù tìfọn, tí a kì í fi abẹ kan orí rẹ̀ láìṣètùtù! Ní ọjọ́ bíi mẹ́wàá sí méjìlá, àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí dá owó jọ lórí fóònù. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan, Feminist Coalition, gba bíi mílíọ̀nù 147 náírà, wọ́n sì ń ṣírò ìnáwó rẹ̀ síta fún gbogbo ayé. Wọ́n fi bọ́ èrò, wọ́n fi tọ́jú ẹni tó fara pa, wọ́n fi gba lọ́yà fún ẹni tó wà látìmọ́lé. Wọ́n gbálẹ̀ títì lẹ́yìn ìwọ́de. Àgbàlagbà tó ń kọjá lọ ń gba ìrẹsì jẹ lọ́wọ́ ọmọ tó kun irun ní pupa. Ọjọ́ 20 oṣù náà ni ṣọ́jà dé ẹnubodè Lekki, ẹ mọ ìyókù.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sá lọ sí òkè òkun, wọ́n ń pè é ní jápa. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó kù ń bá orin lọ. Àwọn ọmọ Èkó kan ti ń pe ara wọn ní alté láti bí ọdún 2014, wọ́n ń múra bí ó ṣe wù wọ́n, wọ́n ń kọrin tí rédíò ò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́. Mo fẹ́ràn díẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí fóònù ni abúlé wọn wà, ẹnìkan kì í sùn sórí fóònù nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

N'Ífẹ̀ ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù November ọdún 2023, àwọn EFCC já wọ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé nígboro Ifẹ̀ lóru, wọ́n kó bíi 70 lọ lórí ẹ̀sùn jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni wọ́n tú sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. N ò sọ pé kò sí olè láàárín ọ̀dọ́, ó wà, ojú wa sì ti rí màbo lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé láti ìgbà náà, bí ọ̀dọ́ mẹ́rin márùn-ún bá ti jọ gbé inú ilé kan, tí wọn kì í jáde láàárọ̀ lọ síbi iṣẹ́, aládùúgbò ti ń fura. Bẹ́ẹ̀, irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an ni Mbárí Mbáyọ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn márùn-ún kan wà tí mo mọ̀. Ọ̀kan ń ya àwòrán, ọ̀kan ń lu gángan, ọ̀kan ń ta gìtá, ọ̀kan ń ránṣọ àdìrẹ, àbúrò wọn obìnrin ń ya fíìmù. Méjì nínú wọn ò wọ yunifásítì. Wọ́n fẹ́ gba ilé kan nínú ìgboro tí ẹnikẹ́ni lè yà sí láti wá kọ́ iṣẹ́ tàbí wá wòran. Onílé àkọ́kọ́ wo irun wọn, ó ní òun ti rí ẹni gbà á. Ìkejì bi wọ́n pé ta ni ọkọ obìnrin tó wà láàárín wọn. Ìkẹta, ìyá àgbà kan nítòsí Arùbídì, ní òun ò rí irun rò, pé ọmọ òun tó kú sí Èkó náà ní dàdá. Òrùlé ilé náà ń jò, kò sì ní kànga. Mo bi èyí tó ń lu gángan pé ṣé wọ́n gbà á.

"Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ ẹ," ló wí. "Owó ọdún méjì ni Màámi ní ká san sílẹ̀. A ti rí ti ọdún kan."